Má Tíì Dìde

Èmi ni mo mú wọn mọ ara wọn, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Ní Ferndale níbí, ìlú kékeré tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lẹ́yìn Mísà pé Odília Bettencourt, arúgbó tí kò lọ́kọ rí, ló lọ wá ìyàwó ojú àlá fún ọmọ àbúrò ẹ̀. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá ní ẹnu, kó fi sọ̀rọ̀. Èmi náà ní tèmi, òun ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí gan-an.

Serafim, àbúrò mi ọkùnrin, kú nígbà òjò láàárín àwọn màlúù ẹ̀, bàtà rọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó fi Idalina ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀, àti Duarte, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, àti oko màlúù tí kì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Láti ìgbà náà, kò sí Sọ́ńdè kan tí a máa jókòó ti ọbẹ̀ ẹran tí Idalina ò ní gbé ṣíbí dúró, kó ní, "Serafim wá bá mi lójú àlá lánàá." Serafim ní ká má ta àwọn ọmọ màlúù. Serafim ní ká tún òrùlé ilé tí a ń kó koríko màlúù sí ṣe. Serafim ní Fadá tuntun yẹn, ìwàásù ẹ̀ ti gùn jù. Àbúrò mi tí kì í sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá bi í, ikú wá sọ ọ́ di aláròyé.

Duarte á gbọ́, á sì tẹ orí ba. Lọ́jọ́ kan ó kàn fi oúnjẹ sílẹ̀, ó jáde. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú, géńdé tó lè fi èjìká ti màlúù.

"Àǹtí, kí ni mo fi ṣẹ Bàbá?" ló bi mí. "Màmá ń rí i ní gbogbo ìgbà. Èmi ò rí i rí. Èmi kì í tiẹ̀ lálàá rárá."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo máa ń sùn, aláàmù á dún, mo ti wọ bàtà. Kò sí nǹkan kan láàárín."

Mo ní kó wọ ẹ̀wù tó mọ́ ní Sátidé, kó tẹ̀ lé mi.

Nígbà yẹn, èmi fúnra mi ti ń lọ sí kíláàsì Maren Tollefson. Ọmọ ìlú yìí ni Maren. Ó lọ kàwé nípa oorun àti àlá ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀, ó padà sílé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú. Láàárọ̀ Sátidé, nínú yàrá ẹ̀yìn láíbìrì, ó ń kọ́ wa bí èèyàn ṣe lè wà lójú àlá kó sì mọ̀ pé àlá lòun ń lá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, tí kò sì jí, lè yan ibi tó máa lọ. Ó lè fò. Ó lè bá òkú ẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi, nítorí orúnkún mi, ijó nìkan ni mo fẹ́ tún jó. Ṣùgbọ́n Maren kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré débẹ̀. Ó máa ń ní ká kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń rántí àlá, torí ẹni tí kì í rántí àlá, bó tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń lálàá, ta ló máa wá ròyìn ẹ̀ fún un láàárọ̀?

Duarte wọlé pẹ̀lú òórùn màlúù lára ẹ̀wù tó mọ́. "Ẹ káàárọ̀ o. Èmi kì í lálàá. Àǹtí mi ló fipá mú mi wá."

"Ẹ káàbọ̀," Maren dá a lóhùn. "Gbogbo ẹni tó ń sùn ló ń lálàá. Báwo lẹ ṣe máa ń jí?"

"Bíi ti gbogbo èèyàn."

"Ẹ jí ká rí i."

Ó to àga pọ̀ fún un. Duarte dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn kọjá, gbogbo kíláàsì ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Maren fi ẹnu ṣe aláàmù lẹ́bàá etí ẹ̀. Ọmọ yìí fò dìde gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà kó tó rántí ibi tó wà.

"Ṣé iná ń jó ni?" Maren rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú ẹ̀. "Àlá yín wà lórí aṣọ tí ẹ fi bora bí òròmọdìyẹ, ẹ fò dìde, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Bí ẹ bá jí, ẹ má tíì dìde. Ẹ má yí ẹ̀gbẹ́ padà, ẹ má la ojú. Ẹ bi ara yín pé, kí ni mo ń wò báyìí? Bó jẹ́ ìrù àlá náà nìkan lẹ rí, ẹ di ìrù yẹn mú, kí ẹ rọra máa fà á bọ̀. Kí ẹ sì tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan."

"Fún ta ni? Màlúù nìkan ló ń jí nígbà tí mo bá jí."

"Màlúù ò létí ni?"

Mo rí i pé ọmọ àbúrò mi wo ọmọbìnrin náà, ó sì gbàgbé láti gbé ojú kúrò.

Ló bá di pé ó gbé aláàmù sọnù. Ó gbé iná kékeré kan tó ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àárọ̀ tó mọ́ sórí tábìlì, kó má baà fi ìbẹ̀rù jí. Lọ́pọ̀ àárọ̀ tí mo bá lọ gba wàrà, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú ilé ìfúnwàrà: "Estrela, dákẹ́, fetí sílẹ̀. Lónìí mo rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má wò mí bẹ́ẹ̀." Màlúù yẹn á máa jẹ àpọ̀jẹ ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Maren, tí mò ń yẹ awò tuntun wò lójú, ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Duarte ló sáré wọlé, ẹrẹ̀ ló kún ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Maren! Ẹ má bá mi sọ nǹkan kan o, kó má baà lọ! Bàtà. Bàtà Bàbá mi ni. Wàrà kún inú ẹ̀. Mò ń gbé e kiri, mi ò rí ibi tí mo máa dà á sí."

"Ṣé bàtà náà ń jò?" Èmi ni mo béèrè.

Ó pa ojú dé, ó dúró síbẹ̀ láàárín awò ojú. "Rárá, Àǹtí. Kò jò."

Maren ti di etí tábìlì mú. "Àlá ni yẹn, Duarte," ló wí, ohùn ẹ̀ sì rẹlẹ̀. "O lálàá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, bíi pé wọ́n bímọ. Kò sẹ́ni tó rántí pé mo ní awò tí mo fẹ́ rà. Bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárinà á yẹ̀ba. Mo gbé àpò mi, mo bá tèmi lọ.

Wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà láti ìgbà èso títí wọ inú òjò. Ní ọ̀sán kan tí wọ́n lọ ra oúnjẹ màlúù, níbi tí wọ́n to àwọn àpò sí, Duarte ní òun ní ìbéèrè kan. Maren ní kó kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀ wò, bóyá ó jí. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: wàá ka ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan, wàá wo ibòmíràn, wàá tún un kà. Lójú àlá, lẹ́tà kì í dúró jẹ́ẹ́, bó bá ti di ẹ̀ẹ̀kejì, á ti di nǹkan mìíràn. Duarte ka ohun tó wà lára àpò, ó wo ojú ọ̀run, ó tún un kà.

"Kò yí padà," ló wí. "Mo jí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Kí Maren tó dáhùn, òun náà ka àpò náà, ó wo ọ̀run, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Màá fẹ́ ẹ."

Duarte gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá ẹ̀ ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Idalina ò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú àwo.

"Bàbá ẹ wá lánàá," ló wí. "Ó ní ọmọbìnrin yẹn ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí."

Mo rí bí ara ọmọ náà ṣe rọ. Ká ní ìyá ẹ̀ nìkan ló kọ̀ ni, ìyẹn ì bá ṣeé bá jà. Bàbá tó ń wá kiri lójú oorun tí kò rí, òun ló wá ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́.

"Ìyàwó wa," mo ní, "aṣọ wo ni Serafim wọ̀?"

"Aṣọ ẹ̀ ni."

"Èwo nínú aṣọ ẹ̀? Ibo lẹ dúró sí?"

"Àǹtí Odília, ṣé ẹ fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ nínú ilé mi ni?"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ pè é. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní kíláàsì Maren mọ̀ pé àlá gidi kì í wá láìmú nǹkan òmùgọ̀ kan dání. Ẹṣin á wà ní kíṣìnnì. Ilẹ̀kùn á wà níbi tí kò sí ilẹ̀kùn. Àlá Idalina ò ní irú ẹ̀ rí, àṣẹ nìkan ló máa ń kún ibẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù Maren lọ pẹ̀lú ìbínú.

"Irọ́ ni obìnrin yìí ń pa! Jẹ́ ká tú u fó níwájú ọmọ ẹ̀!"

Maren nu awò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Mo ti mọ̀, Àǹtí, ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ ọkọ tí mo máa fi ìtìjú ìyá ẹ̀ gbà."

"Ṣé wàá wá jókòó kó fi òkú àbúrò mi lé ẹ lọ?"

"Mi ò ní í lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní í tú u fó."

Mo ní kò gbọ́n. Mo tún lọ bẹ Idalina, èmi tí kì í bẹ èèyàn. Ó dá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ yìí nìkan ni mo ní, oko yìí nìkan ni mo ní," ló wí. "Ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń sùn, kí ló fẹ́ jí ṣe lórí oko?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe le báyìí ni Duarte kàn dé lọ́jọ́ kan sọ́dọ̀ Maren, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. "Màmá ti gbà! Ó ní kí n mú ẹ wá ní Sọ́ńdè, ká jọ jẹun!" Maren sunkún ayọ̀. Ó ṣe kéèkì, ó fi èso dúdú tí a ń já létí odò sí i. Mo bá wọn lọ, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó yí Idalina lọ́kàn padà.

Idalina ṣílẹ̀kùn. Ó wo kéèkì, ó wo Maren. "Ta ló kú, tí ẹ fi gbé kéèkì wá?"

"Màmá, ẹ káàsán," ni Maren wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ ní kí n wá."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Màmá, láàárọ̀ Tọ́sìdeè," Duarte dá sí i. "Ẹ ń po ọbẹ̀. Ẹ ní, mú un wá ká mọ̀ ọ́n."

"Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, mo wà ní Eureka lọ́dọ̀ dókítà eyín. Àǹtí ẹ tó dúró yẹn ló fi mọ́tò gbé mi lọ. Ẹ bi í."

Wọn ò nílò láti bi mí. Duarte wo ojú mi, ó sì rí i níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kúrò lójú èèyàn, mo rí i lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ wò ó!" Idalina ti ń pariwo. "Ohun tó sọ ọmọ mi dà nìyí! Kò mọ ojú àlá yàtọ̀ sí ojú ayé mọ́! Lọ́la, á máa fún wàrà lára màlúù tí kò sí!"

Maren rọra gbé kéèkì náà sílẹ̀ lórí pákó ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ. Kò dúró de Duarte. Ní Sátidé, a bá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn láíbìrì ní títì.

Mo lọ bá a nílé. Ojú ẹ̀ ti wú. "Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀," ló wí. "Bí ìrántí àlá bá ti ń dáa sí i, àlá tó bá jọ ilé lè wọlé wá jókòó láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo olùkọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n máa tẹnu mọ́ ọn fún un pé kó máa yẹ ara ẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ìfẹ́ ló gbà mí lọ́kàn, Àǹtí. Bóyá òótọ́ ni ìyá ẹ̀ ń sọ. Bóyá mo ti ba ọmọ èèyàn jẹ́."

"Duarte ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò lè jẹun."

"Ẹ ní kó sinmi."

"Mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀ fún un! Ìyá kan sọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu ọ̀nà, o ti gbé ọkọ ẹ fún un, pẹ̀lú kéèkì! Ṣé bí ó ṣe mọ nìyẹn, ìfẹ́ ẹ?"

Ó gbójú sókè. Ìbínú díẹ̀ ti wọ ojú ẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ó ní, "Ẹ bi í ní nǹkan kan fún mi. Nígbà tí ìyá ẹ̀ gbà nínú àlá yẹn, ta ló tún wà níbẹ̀? Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tí kò yẹ kó wà. Kó dùbúlẹ̀ bó ṣe dùbúlẹ̀ nígbà tó jí, kó fà á bọ̀ láti ìrù."

Ọ̀sán ni mo bá Duarte, láàárín ìfúnwàrà àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tí ìyá ẹ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ tún òdòdó tò. Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, kò rí nǹkan kan. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì ki ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo jókòó, mò ń gbọ́ mímí ẹ̀.

"Màmá wà nídìí sítóòfù," ló sọ níkẹyìn, ojú ẹ̀ ní pípadé. "Ó kẹ́yìn sí mi. Ó ní, mú un wá ká mọ̀ ọ́n. Ajá wà lábẹ́ tábìlì."

"Ajá wo?"

"Fusco." Ohùn ẹ̀ yí padà. Fusco ti kú kí Serafim tó kú. "Ajá ń dúró de búrẹ́dì. Ẹnì kan ń gé búrẹ́dì. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń fa ọ̀bẹ bọ̀ sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Àǹtí. Àǹtí, Bàbá ni."

Kò dìde. Omi ń jáde láti abẹ́ ìpéǹpéjú ẹ̀, ó ń wọ inú ìrọ̀rí. "Ó wà níbẹ̀. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Mo rí i, mi ò sì mọ̀ pé mo rí i. Torí pé ó jókòó bó ṣe máa ń jókòó, mi ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Èmi náà sunkún. Serafim ni mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ nígbà tó wà ní ìkókó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran, mo sì rí ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.

"Ọlọ́run ti bá wa ṣe é," mo ní. "Lọ sọ fún ìyá ẹ pé bàbá ẹ wá, ó sì ní kí o fẹ́ Maren. Ohun tó ń fi lù ẹ́, òun náà ni kí o fi lù ú."

"Àmọ́ kò sọ̀rọ̀, Àǹtí."

"Ta ló máa mọ̀?"

Ó jókòó, ó nu ojú ẹ̀. "Èmi."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó lọ mú Maren fúnra ẹ̀. Wọ́n jọ wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó mú un lọ́wọ́, ó fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú ọbẹ̀. Idalina dìde. Duarte ò wò ó. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ màlúù ló ń wò lára ògiri. Ó kà á, ó wo ojú fèrèsé, ó tún un kà.

"Kí lò ń wò?" ni ìyá ẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ rí i dájú pé mo jí. Mo jí. Màmá, lọ́jọ́sí mo sọ pé ẹ gbà, àlá ni. Àṣìṣe mi ni, mo bẹ̀ yín, mo sì bẹ Maren. Ojú mi là báyìí, mo sì ń sọ ọ́ níwájú yín: Maren ni màá fẹ́."

"Bàbá ẹ ti ní—"

"Èmi náà rí Bàbá."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Idalina. "O rí i?" ló bi í, kì í ṣe pẹ̀lú ohùn ìbínú mọ́. "Níbo?"

"Níbí. Lórí àga yẹn. Ó ń gé búrẹ́dì mọ́ àyà. Bó ṣe máa ń gé e, tí ẹ máa ń pariwo lé e lórí pé lọ́jọ́ kan á gún ara ẹ̀ lọ́bẹ."

Idalina fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo àga náà, ó wo ọmọ ẹ̀. "Kí ló sọ? Duarte, kí ni bàbá ẹ sọ?"

Mo fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Gbólóhùn kan péré! Obìnrin yẹn ì bá gbà níbẹ̀, ì bá tiẹ̀ kúnlẹ̀. Maren náà mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kàn jókòó, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

"Kò sọ nǹkan kan," ni Duarte wí. "Ó gé búrẹ́dì, ó fún ajá jẹ. Màmá, mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mi ò ní í sọ pé ó wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Èmi tí mo wà láàyè ni mò ń sọ̀rọ̀. Màá fẹ́ Maren bí ẹ gbà, màá fẹ́ ẹ bí ẹ kọ̀."

"Tó o bá fẹ́ ẹ, má retí mi níbẹ̀!"

"Àga yín á wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, màá wá fún wàrà bí mo ṣe ń fún un. Àwọn màlúù ò bá mi jà."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mo mu ọbẹ̀ mi tán kí n tó bá wọn lọ, kí Idalina lè mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù ní Eureka, a sì jẹun lẹ́yìn ilé Maren, nínú kùrukùru. Èmi tí mi ò lọ́kọ rí ni mo dúró gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Àga Idalina wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sórí ẹ̀. Kí Duarte àti Maren tó fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, mo rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ka àmì ilé iṣẹ́ tó wà lára ìgò ọtí, wọ́n wojú ọ̀run, wọ́n tún un kà. Àwọn àlejò rò pé ọtí náà ni wọn ò fẹ́ràn.

Òjò dé, òjò lọ. Lójoojúmọ́, Duarte ń fún wàrà, ìyá ẹ̀ ń gbé kọfí sí ẹnu ọ̀nà fún un láìbá a sọ̀rọ̀. Lórí tábìlì ọjọ́ Sọ́ńdè, níbi tí èmi nìkan ṣì ń lọ, Serafim ò ránṣẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé kan, bí Maren ṣe ń kọ́ wa lọ́wọ́, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn láíbìrì ṣí. Idalina ni, nínú aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí Mísà, ó di àpò ọwọ́ mọ́ ikùn. Duarte dìde ní ẹ̀yìn, kò mọ bóyá kó jókòó padà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni Maren wí.

Idalina wo ilẹ̀. "Serafim ò wá bá mi lójú àlá rí," ló wí. "Láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Kò wá rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Oko ń bàjẹ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ti obìnrin tó dá wà, ni mo bá ní òun ló wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o dé, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, ẹni yìí mọ àlá, á mọ̀ pé mi ò rí nǹkan kan." Ó gbójú sókè, kì í ṣe sí Duarte, sí Maren. "Ọmọ mi rí i. Ajá pàápàá rí i. Èmi ńkọ́?"

Mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé e mì. Maren ò sọ pé òun ti mọ̀. Ó fa àga kan wá, ó mú un lọ́wọ́, ó fi í jókòó.

"Màmá, bí ẹ bá jí láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa ń wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ Serafim," ni Idalina dáhùn. "Láti ọjọ́ tó ti lọ, ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sùn sí."

"Ó dáa," ni ìyàwó ọmọ ẹ̀ wí. "Bó bá di ọ̀la, ẹ má tíì dìde níbẹ̀."